Nítorí Ìgbálẹ̀ Tí O Gbà Lọ́wọ́ Ọ̀gá Rẹ

Stone Mountain,
Georgia.

Mojí, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n sùn láti ọ̀sẹ̀ méjì yìí nìwọ̀nyí. Ilẹ̀ tó ń mì ní Jàpáàn níbẹ̀ yẹn, tó o ní kò ju kí ife máa gbọ̀n lórí tábìlì lọ. Sítóòfù gáàsì inú yàrá rẹ, bóyá o ń rántí pa á kó o tó sùn. Ẹja tí wọ́n ń jẹ ní tútù. Ẹsẹ̀ òsì rẹ tó máa ń wú bí o bá dúró pẹ́, nítorí mo mọ̀ pé olùkọ́ kì í jókòó. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ nínú ọkọ̀ ojú irin, tó máa ń ṣófo bí èrò tilẹ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà. O fi í ṣẹ̀fẹ̀ fún mi, o ní, "Daddy, mo máa ń ráyè gbé báàgì mi lé e." Mo bá ọ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ jókòó sórí àga ìyá rẹ.

Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rín kejì, èyí tí mo rín lọ́jọ́ tó o sọ ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ fún mi. Ẹ̀rín ń jáde lẹ́nu mi, ẹkún ń jáde lẹ́nu tìrẹ. Kí n tó mọ ohun tí mo ṣe, o ti ní, "Ó dàbọ̀, sà," fóònù ti kú. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ gígé kúrú lo fi ń ránṣẹ́ sí mi. "Mo wà dáadáa, sà." "Mo ti jẹun, sà." Lánàá ni èyí tó gùn wá dé: pé wàá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí Kérésì tó dé, pé ò ń padà bọ̀ wálé, pé kò tiẹ̀ yẹ kó o fi mí sílẹ̀ lémi nìkan lẹ́yìn tí ìyá rẹ kú.

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nìyí. Lẹ́tà kò ṣeé pa bíi fóònù. Mo fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bí ìyá rẹ ṣe máa ń fi sí i fún ọ. Kà á sókè. Èyí tí kò bá yé ọ, bi Aunty Fúnkẹ́, má ṣe bi mí, torí ojú á tì mí láti tún un sọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn náà padà fún ọ, kó o lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ. O dé ilé ìwé ní oṣù kẹrin, nígbà tí òdòdó igi ń já bọ́ sílẹ̀ bí ìrì dídì. Ọ̀gá ilé ìwé, bàbá onírun funfun, ni ò ń bá lẹ́nu géètì láràárọ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn, ó ń gbá òdòdó jọ, ó sì ń kí àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ara rẹ kò gbà á. Bàbá tó tó bí ọ lọ́mọ ń gbálẹ̀, ìwọ ń fi báàgì lọ́rùn kọjá lọ? O sáré, o kúnlẹ̀ díẹ̀, o na ọwọ́ méjèèjì sí ìgbálẹ̀. Ó dì í mú. O rò pé bí àgbà ilé wa ṣe ń ṣe ló ń ṣe, tí wọ́n á ní "fi sílẹ̀, fi sílẹ̀", tó jẹ́ pé wọ́n ń fẹ́ kó o gbà á. O fà á. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ọ, ó tẹrí ba, ó wọlé lọ. Ọjọ́ kejì, o tún gbà á. Ọjọ́ kẹta, kò jáde.

Kò sẹ́ni tó bá ọ wí. Ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni olùkọ́ obìnrin tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tìrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọra sọ fún ọ pé ibi ìgbálẹ̀ yẹn ni bàbá náà ti ń wo ojú ọmọ kọ̀ọ̀kan láràárọ̀, tó fi ń mọ èyí tó sunkún láti ilé, àti èyí tí kò jẹun. Láti ọjọ́ náà lo ti ń gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. O gbé e mọ́ra láti ìgbà òdòdó títí di ìgbà ooru, o kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó o sì wá sọ ọ́, bàbá rẹ rẹ́rìn-ín.

Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe ìwọ ni mo fi rẹ́rìn-ín. Bàbá Curtis ni mo rántí.

Nígbà tá a kọ́kọ́ dé Atlanta, tó o ṣì kéré, tí eyín iwájú rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Tucker. Bàbá dúdú ará Amẹ́ríkà kan wà ní shift wa, ọmọ Georgia níbí, wọ́n ń pè é ní Curtis. Gbogbo èèyàn ń pe orúkọ rẹ̀ láìsí nǹkan kan níwájú rẹ̀. Ẹnu mi kò gbà á. Mo ń pè é ní Bàbá Curtis. Bó bá ti fẹ́ gbé páálí, mo ti débẹ̀. "Ẹ fi sílẹ̀, sà. Èmi wà níbí." Bó bá gbé kejì, mo ti já a gbà. Inú mi ń dùn sí ara mi, mo ń rò pé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà wọ̀nyí á rí ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ní ọjọ́ kan, ó já páálí náà gbà padà lọ́wọ́ mi, ó fi lu tábìlì.

"Ta ló rán ọ sí mi?" ó ní. "Ṣé ìwọ ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò mi? Sọ ọ́ lójú mi kí n gbọ́."

"Rárá, sà. Mo kàn ń bọ̀wọ̀ fún yín ni."

"Lọ sí ọ̀hún lọ bọ̀wọ̀ fún mi."

 Mo délé, mo sọ fún ìyá rẹ pé èèyàn burúkú ni bàbá yẹn. Ẹ̀fọ́ ló ń já. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Bàbá Mojí, ṣé ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kẹ́ ẹ bá òun gbé e?"

"Èwo ni ká máa bi àgbà? Ó hàn gbangba."

"Ó hàn sí yín. Ṣé ó hàn sí òun náà?"

Inú bí mi sí i ju Curtis lọ. Mo bínú gan-an débi pé n kò kí ọkùnrin náà mọ́, n kò sì jẹun láàárín wọn mọ́. Irú tí ìyá rẹ ń fi sí ọbẹ̀ ti ń dójú tì mí tẹ́lẹ̀, mo wá rí àwáwí. Inú mọ́tò ni mo ti ń jẹun ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn, mo pa wíńdò dé, èémí mi ń bo gíláàsì bí ẹni tó ń sápamọ́. Àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi tiẹ̀ fọwọ́ ara mi bo tèmi.

Ohun tí mo fẹ́ kó o mú níbẹ̀, Mojí, òun ni èkíní: kì í ṣe ìwà burúkú lo hù. Ẹ̀kọ́ ilé wa ni, èmi ni mo fi kọ́ ọ. Bí ẹ̀bi bá wà, èmi ni kó o fún. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rere a máa dun ẹni tá a fi ṣe bí a kò bá bi í léèrè. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tó o bá tún fẹ́ ran àgbà lọ́wọ́ níbẹ̀, dúró ná. Wo ọwọ́ rẹ̀. Bí ọwọ́ bá di nǹkan mú, nǹkan náà ṣì wúlò fún un.

Èkejì. Curtis ló wá bá mi, èmi kọ́ ni mo lọ bá a. Ó kan gíláàsì mọ́tò ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òtútù fẹ́ pani.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

Mo ń wá ìbòrí abọ́ kiri kí n dé e.

"Mo ní kí ló ń rùn, mi ò ní kó o gbé e pa mọ́. Ìyá-ìyá mi máa ń se nǹkan tó ń rùn bẹ́ẹ̀. Ṣílẹ̀kùn jọ̀ọ́, mò ń kú lọ níta níbí."

Ó wọlé, ó fi ṣíbí bu ẹ̀bà jẹ bí ẹni ń jẹ kéèkì. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu. Ìgbà náà ló sọ fún mi pé ìyàwó òun kú ní ọdún tó ṣáájú, pé àwọn ọmọ òun ní kí òun jókòó sílé kí òun máa sinmi. "Wọ́n gba mọ́tò lọ́wọ́ mi," ó ní. "Wọ́n gba ẹ̀rọ tí mo fi ń gé koríko. Ìwọ tún dé, o ń gba páálí. Kí ló kù tí mo fẹ́ fi mọ̀ pé mo wà láyé?"

 Mo gbọ́ ọ létí, n kò gbọ́ ọ lọ́kàn. Ìyàwó tèmi wà nílé, ó ń já ẹ̀fọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dúró dè mí láti ìgbà náà, n kò mọ̀.

Nítorí náà, má jẹun nínú mọ́tò. O ò ní mọ́tò níbẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n yàrá rẹ yẹn náà mọ́tò ni. Obìnrin arúgbó tó ń gbé nísàlẹ̀ rẹ, tó gbé èso ìgbá sínú abọ́ sẹ́nu ọ̀nà rẹ, ṣé o ti dá abọ́ náà padà? Ṣé òfìfo lo dá a padà? Ìyá rẹ á jí dìde bó bá gbọ́. Wá ẹ̀wà, bó jẹ́ pupa bó jẹ́ funfun, kó o dín àkàrà fún un. Bí kò bá fẹ́ràn rẹ̀, yóò ṣì rí i pé ọwọ́ èèyàn ló dín in.

Ẹ̀kẹta gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ "mo wà dáadáa" yìí. Jẹ́ ká fi sílẹ̀. Màá kọ́kọ́ fi tèmi sílẹ̀ kó o lè fi tìrẹ sílẹ̀.

N kò wà dáadáa. Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ ṣì wà nínú búùtù mọ́tò, níbi tó bọ́ ọ sí lọ́jọ́ tá a gbé e lọ sí ọsibítù. Bí mo bá ń ti ọjà bọ̀, mọ́tò á kàn yà sí ọ̀nà Lawrenceville fúnra rẹ̀, màá ti rí iná ọsibítù lókèèrè kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tí mo fẹ́ lọ wò níbẹ̀ mọ́. Mo sọ fún ọ pé mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mò ń lọ lóòótọ́. Mo máa ń jókòó sínú mọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, màá gbọ́ orin láti ìta, màá sì yí padà sílé. Ṣé o rí i? Àgbà tó fi mọ́tò ṣe ibi ìsápamọ́ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tún ti padà sínú rẹ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mò ń wò nígbà tí mo rẹ́rìn-ín yẹn.

Ọjọ́ tí ò ń lọ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ní ibùdókọ̀ òfuurufú, mo dúró tì ọ́, mo ń jà nítorí báàgì. Mo ní ó ti wúwo jù. Mo ní kó o yọ bàtà kan kúrò. O ní, "Daddy, wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kò wúwo jù." Mo tún ní kó o yọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kó o má lọ. Báàgì ni ẹnu mi rí sọ. Ìyá rẹ lórí ibùsùn ti ní kí n má dá ọ dúró, pé ọjọ́ tí lẹ́tà iṣẹ́ yẹn dé ni òun rí ẹ̀rín rẹ gbẹ̀yìn. Mo mú ìlérí ṣẹ, ṣùgbọ́n mo fi ìjà sin ọ́. Dárí jì mí.

Wàyí o, nípa pé o fẹ́ padà wálé.

Bí mo bá sọ pé n kò fẹ́ ọ nílé, irọ́ ni. Ilé yìí tóbi jù fún ìkọ́ ẹnì kan. Gbogbo èèyàn ló sì ń sọ fún mi pé kí n pè ọ́ wálé. Aunty Fúnkẹ́ wá ní Sátidé. O mọ̀ ọ́n, obìnrin tó bá ti wọ ilé, ilé ti di tirẹ̀. Mo ń fọ abọ́. Ó já kànìnkànìn gbà lọ́wọ́ mi.

"Daddy Mojí, ẹ jókòó. Ṣé èmi á wà níbí kẹ́ ẹ máa fọ abọ́?"

"Abọ́ mi ni, Fúnkẹ́."

"Mo ní tèmi ni? Ẹ jókòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹ sì tell Mojí kó máa bọ̀. Kí ló ń kọ́ wọn lọ́hùn-ún gan-an? Àwọn ọmọ wà ní Lawrenceville níbí tí wọn ò tíì mọ ìwé kà, kó wá kọ́ wọn. Ta ló fẹ́ máa se oúnjẹ fún yín?"

"Mo mọ oúnjẹ sè."

"Ìrẹsì tó jóná lẹ̀ ń pè lóúnjẹ."

Ó fọ abọ́ mi tán, ó nu tábìlì, ó gba ìgbálẹ̀ ìyá rẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbálẹ̀. Ó ká aṣọ tí mo sá síta. Ó gbàdúrà fún mi, ó lọ. Oore ló ṣe mí, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mọ́tò rẹ̀ lọ tán, kò sí ohun kankan tó kù fún mi láti ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì lórí ẹsẹ̀ mi. Ibẹ̀ ni mo ti wá gbọ́ ohun tí Curtis sọ. Ọdún tó ti kọjá láàárín kò ṣeé kà.

Mojí, bàbá onírun funfun tó wà lẹ́nu géètì yẹn, èmi ni. Wíwá tó o fẹ́ wá sílé kó o wá máa tọ́jú mi yìí, ìgbálẹ̀ mi lo fẹ́ wá gbà. Ohun tó kù fún mi láti máa gbé lọ́wọ́ ni pé mo ní ọmọ kan lókèèrè tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí mò ń ṣàníyàn fún, tí mò ń gbàdúrà fún, tí mò ń ka aago tirẹ̀ mọ́ tèmi. Bó o bá fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ nítorí mi, mo ti di ẹrù. Má ṣe já a gbà lọ́wọ́ mi. Bi mí léèrè ná.

Bó bá jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ kò fẹ́ iṣẹ́ náà mọ́, padà wá, ilẹ̀kùn kò tì. Àmọ́ má fi ìtìjú sá, má sì fi mí ṣe àwáwí.

Nígbà tí ilé ìwé bá wọlé, gba ẹnu géètì iwájú. Má ṣe àlàyé gígùn. Àwa ni a máa ń dọ̀bálẹ̀ tá a ó sì tún sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀. Ohun tó o sọ fún mi nípa àwọn ará Jàpáàn ni pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló ń tó wọn. Mú ìgbálẹ̀ tìrẹ dání. Bí o bá bá a níbẹ̀, kí i, bẹ̀rẹ̀ láti ìkángun kejì, kó o máa gbá a bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí o kò bá bá a, má gbá ibi tó máa ń dúró sí. Fi sílẹ̀ fún un. Yóò rí i láti ojú fèrèsé. Kí àwọn ọmọ tó ń wọlé, kí o sì wo ojú wọn. Mo rò pé yóò jáde. Bí kò bá jáde lọ́jọ́ kan, ó lè jáde lọ́jọ́ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. O mọ̀ pé bàálù ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wọ̀ ọ́ láyé mi, ọjọ́ tá a ń bọ̀ níbí. Mo di àga iwájú mi mú títí ọkùnrin tó jókòó sórí rẹ̀ fi pe òṣìṣẹ́ bàálù sí mi. Nígbà tí bàbá mi ń ṣàìsàn ní Ìkìrun, mo ní ìwé ìrìnnà mi kò tíì jáde. Ó ti jáde. Inú dúrọ́ọ̀ ló wà. Ẹ̀rù ló bà mí, mo sì ń sọ ọ́ lọ́la, lọ́la, títí wọ́n fi sin ín. N kò sọ èyí fún ìyá rẹ títí ó fi kú. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Má fi ìfẹ́ sí ọ̀la, ọmọ mi.

Mo pe Fúnkẹ́ lánàá pé kó bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù wá sọ́dọ̀ rẹ. Ó pariwo, ó ní, "Daddy! Ẹ̀yin?" Mo ní èmi. Ó ní kí òun tẹ̀ lé mi, mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Mo ti gbé bàtà ìyá rẹ kúrò nínú búùtù, mo nù ún, mo fi sábẹ́ ibùsùn, torí mi ò fẹ́ kí mọ́tò dá gbé e dúró nígbà tí n kò bá sí nílé. Mo fẹ́ mú ìgbálẹ̀ rẹ̀ bọ̀ fún ọ, wọ́n ní wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ mi ní ẹnu ibodè. Ìyẹn nìkan ti gba oorun alẹ́ àná lójú mi. Mo ti dá a padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Bá mi ra irú ti ọ̀gá rẹ, ọlọ́wọ́ gígùn. Ra méjì, tìrẹ àti tèmi. Bí ó bá gbà wá láyè, èmi náà á dúró sí ìkángun kejì, n kò sì ní fọwọ́ kan tirẹ̀.

Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ níbi tí ojú mi kò tó má ṣe tòògbé títí màá fi dé.

Màá gbéra láti Atlanta ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá.

Bàbá rẹ.